Dẹdò, Dẹwọ́: Yíyan Rílì Ìpẹja fún Káàpù àti Báábẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni, èyí tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí ọ̀pá ìpẹja, tí wọ́n sì ń ká okùn mọ́. Rílì ni n ó máa pè é. Oríṣiríṣi rílì ni ó wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàárín wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ pé kí ó jọ̀wọ́ okùn fún ẹja kí ó tó di pé ó fà á. Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: báwo ni ènìyàn ṣe lè yan irú rílì bẹ́ẹ̀ bí ó bá ń dẹdò fún ẹja káàpù àti ẹja báábẹ̀lì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìlú Reading ni mo ń gbé, níbi tí odò Kennet ti ń wọnú odò Thames. Odò àti adágún yí wa ká níhìn-ín, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn mí.

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a yà sí ọ̀dọ̀ èdè díẹ̀. Èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí etí lè tètè ṣì mú. Èkíní ni dẹ, olóhùn àárín, tí ó túmọ̀ sí kí a ṣọ́ ẹran tàbí ẹja, kí a lè mú un. Inú rẹ̀ ni a ti rí ọdẹ, dẹdò àti adẹdò. Èkejì ni dẹ̀, olóhùn ìsàlẹ̀, tí ó túmọ̀ sí kí ohun tí ó le tẹ́lẹ̀ rọ̀, kí okùn tí ó fà pinpin má fà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ gírámà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá bá ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀ pàdé, ohùn rẹ̀ a gòkè sí àárín, bí rà ti í di ra nínú "ra ẹran". Nítorí náà, dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ di dẹwọ́. Lójú ìwé àti létí, dẹ inú dẹdò àti dẹ inú dẹwọ́ kò yàtọ̀ sí ara wọn mọ́. Èmi kò sọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí odò ni mo ti rí i pé wọn kì í jìnnà sí ara wọn: ẹni tí yóò dẹdò fún ẹja ńlá, àfi kí ó mọ̀ ọ́n dẹwọ́.

Wàyí o, ta ni àwọn ẹja méjèèjì yìí?

Káàpù kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ England. Láti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù ni wọ́n ti kó o wá láyé àtijọ́, tí wọ́n ń sìn ín nínú adágún fún jíjẹ. Kò ṣàjèjì sí Nàìjíríà náà pátápátá, nítorí pé ní àwọn ọdún 1950 ni wọ́n kó o wá sí oko ẹja tí ó wà ní Panyam, lórí òkè Jos. Ẹja tí ó nípọn ni, ìpẹ́ rẹ̀ tóbi, ó sì gbọ́n. Ní England lónìí, àwọn tí ń dẹdò fún un kì í sábà jẹ ẹ́: wọn a mú un, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a sì dá a padà sómi. Ní ọdún 1952, Richard Walker mú káàpù kan tí ó wọn pọ́ùn 44 ní adágún Redmire. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún kílò. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1980, Chris Yates mú òmíràn tí ó wọn pọ́ùn 51 àbọ̀ nínú adágún yẹn kan náà. Láti ìgbà Walker ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé a lè fi ọgbọ́n mú ẹja tí àwọn ará àtijọ́ sọ pé kò ṣeé mú.

Báábẹ̀lì ní tirẹ̀ jẹ́ ẹja odò tí ń ṣàn. Ìbátan káàpù ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gùn gbọọrọ, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹnu rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ kí ó lè máa ṣa oúnjẹ láàárín òkúta wẹ́wẹ́. Irùngbọ̀n mẹ́rin ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn fún irùngbọ̀n ni a sì ti rí orúkọ rẹ̀. Káàpù náà ní mẹ́rin, àrọ̀ ilé wa sì ní mẹ́jọ, nítorí náà, bí a bá ń wá baba onírùngbọ̀n, ilé wa ni a ó ti rí i. Àwọn odò tí ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn England, bíi Thames àti Trent, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báábẹ̀lì. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kó àwọn kan láti inú Kennet lọ sí odò Severn ní ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì pọ̀ sí i níbẹ̀ gidigidi. Báábẹ̀lì kì í tóbi tó káàpù, ṣùgbọ́n nínú omi tí ń ṣàn, agbára rẹ̀ ju bí ara rẹ̀ ti rí lọ.

Ohun kan pa àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rílì: bí a ṣe ń dẹ wọ́n lóde òní, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ìwọ̀ kọ́ ara wọn lẹ́nu. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970, Lenny Middleton àti Kevin Maddocks rí ọgbọ́n kan. Wọn kò fi ìjẹ sórí ìwọ̀ mọ́. Wọ́n fi okùn tín-ín-rín bí irun so ìjẹ mọ́ ẹ̀yìn ìwọ̀, tí ìwọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà lófìfo. Ẹja a fa ìjẹ sẹ́nu, ìwọ̀ a bá a wọlé. Bí ẹja bá rí i pé nǹkan kò dára, tí ó sì fẹ́ sá, òjé tí ó wúwo tí a so mọ́ okùn a ti ìwọ̀ wọ ètè rẹ̀. Kí apẹja tó dìde lórí àga, ẹja ti ń sáré lọ. Kò sí pé a ń rọra fura pé bóyá nǹkan ń tọ́ ọ wò. Eré ni ìròyìn àkọ́kọ́ tí a ó gbọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí okùn bá le pinpin tí rílì kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni yóò ṣẹlẹ̀: okùn a já, tàbí ìwọ̀ a fa ètè ẹja ya, tàbí kí ẹja wọ́ ọ̀pá lọ sínú omi. Mo ti fi ojú mi rí ẹ̀kẹta rí. Ọkùnrin kan dìde láti lọ po tíì ní etí adágún kan, ọ̀pá rẹ̀ fò kúrò lórí irin tí ó gbé e lé, ó sì wọ inú omi lọ bí ọkọ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, a rí ọ̀pá náà láàárín ewé òṣíbàtà. Wọ́n wa ọkọ̀ kékeré débẹ̀. Káàpù náà ṣì wà lẹ́nu okùn, ó ti yí okùn mọ́ ìdí ewé náà títí tí kò fi lè lọ síwá tàbí sẹ́yìn mọ́. Wọ́n gé okùn, wọ́n yọ ìwọ̀, ó sì wẹ̀ lọ. Ká ní wọn kò rí ọ̀pá náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹja ìbá kú sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Báwo ni àwọn aráyé ṣe wá ojútùú sí i? Ìtàn rílì fúnra rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1905, Alfred Illingworth, ọlọ́jà òwú irun àgùntàn ní ìlú Bradford, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rílì tí kẹ̀kẹ́ okùn rẹ̀ kì í yí nígbà tí a bá ju ìwọ̀. Bí òwú ti ń yọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ òwú nílé iṣẹ́ ìhunṣọ ni okùn ṣe ń yọ́ kúrò ní etí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí i bí òwú ti ń tú kúrò lára ìrànwú yóò lóye rẹ̀ kíákíá. Irú rílì yìí ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò dòní.

Nígbà ayé àwọn Walker, apẹja káàpù a ṣí apá wáyà tí ó ń da okùn sórí kẹ̀kẹ́, kí okùn lè máa jáde láìsí ìdíwọ́, a sì ká bébà fàdákà mọ́ okùn kí ó lè rí i bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ọgbọ́n ìjẹ orí irun dé, eré ẹja ti le jù fún èyí. Àwọn kan wá ń jẹ́ kí ọwọ́ rílì máa yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí ẹja ti ń sáré, tí ẹni tí ó bá kánjú dì í mú sì lè fi ìka gba lílù. Ní àwọn ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan gbé rílì kan jáde tí wọ́n pè ní Baitrunner, wàhálà náà sì rọlẹ̀. Orúkọ ọjà tiwọn ni Baitrunner. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní tiwọn, bí Okuma ti ń pe tirẹ̀ ní Baitfeeder, tí Penn sì ń pe tirẹ̀ ní Live Liner. Èmi ní tèmi ń pe gbogbo wọn ní rílì adẹkùn, nítorí pé wọ́n ń dẹ okùn. Ẹ kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìdẹkùn ni a ń pe pàkúté olókùn nínú èdè wa.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bíréèkì méjì ni ó wà nínú rílì kan ṣoṣo. Bíréèkì ńlá wà fún ìgbà tí a bá ń bá ẹja jà. Bíréèkì kékeré wà fún ìgbà tí a bá ń dúró dè é. Irin pẹlẹbẹ kan wà ní ẹ̀yìn rílì tí a lè fi àtàǹpàkò tì; ẹ jẹ́ kí a pè é ní irin àtì. Bí a bá tì í, bíréèkì ńlá a yọwọ́, kẹ̀kẹ́ okùn a sì máa yí lábẹ́ bíréèkì kékeré nìkan. Ẹja lè fa okùn lọ bí ó ti wù ú. Bí a bá gbé ọ̀pá tí a sì yí ọwọ́ rílì díẹ̀, irin àtì a padà sípò fúnra rẹ̀, bíréèkì ńlá a gba iṣẹ́, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ilé ìtajà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni iye bíárìn tí ó wà nínú rílì, àwọn irin róbótó kéékèèké tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere. Wọn a sọ bí ó ti lágbára tó láti fa ẹja. Wọn a sọ iye okùn tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè gbà. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó ń ra rílì adẹkùn tí ó sì ń béèrè bí ó ti ń fà nìkan dà bí ẹni tí ó ń yan olùkọ́ nítorí bí ó ti ń na ọmọ. Rílì gbogbo ni ó ń fà. Ohun tí a fi owó rà lára èyí ni ọgbọ́n ìdẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí a ti dán an wò.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò ni bí bíréèkì kékeré ti lè rọ̀ tó. Àwọn rílì kan wà tí ó jẹ́ pé bí a tú bíréèkì kékeré dé òpin, ó ṣì le díẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí a bá fún un díẹ̀ báyìí, wọn a fò sí líle lójijì. Èyí tí ó dára ni èyí tí ó ń gun àtẹ̀gùn ní ìpele kéékèèké, láti rírọ̀ dé líle, tí ìka sì lè mọ ìpele kọ̀ọ̀kan. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé ó ń dì kí ó tó tú. Fífà tí ó bá ń gbọ̀n gìrìgìrì ní ọwọ́ yín ní ilé ìtajà yóò gbọ̀n jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹja.

Ìkejì ni bí ó ti ń kúrò nínú dídẹ̀ bọ́ sínú fífà. Ẹ ní kí ẹnìkan máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yí ọwọ́ rílì. Ó yẹ kí irin àtì padà kíákíá, láìjá ọwọ́ gbà. Ẹ rántí pé bí ó bá ti padà, bí bíréèkì ńlá bá ti wà ni ẹja yóò ṣe bá a. Nítorí náà, àfi kí a ti tún bíréèkì ńlá ṣe sílẹ̀ kí a tó ju ìwọ̀ sómi, kí ó lè jọ̀wọ́ okùn kí okùn tó já. Ẹni tí ó dẹ bíréèkì kékeré tí kò tún ńlá ṣe, ilẹ̀kùn iwájú ni ó ṣí sílẹ̀ tí ó ti ti ti ẹ̀yìn pa.

Ìkẹta ni ìwọ̀n rílì. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè é: 4000, 6000, 8000, 10000. Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó. Rílì ńlá dára fún adágún tí ó fẹ̀, níbi tí a ti ń ju ìwọ̀ jìnnà, nítorí pé kẹ̀kẹ́ tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò máa ń jẹ́ kí okùn yọ́ jáde dáadáa. Ṣùgbọ́n lórí odò Kennet, níbi tí mo ti lè ju òkúta kan dé èbúté kejì, ẹrù lásán ni. Ó ń wúwo lórí ọ̀pá tí kò nípọn, ọwọ́ a sì rẹ ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nísinsìnyí, ìyàtọ̀ àárín ẹja méjèèjì. Nínú adágún, omi dúró. Mo lè dẹ bíréèkì kékeré títí tí okùn yóò fi jáde bí mo bá fi ìka kan fà á. Káàpù lè sáré lọ sọ́nà jíjìn kí ó tó dúró. Kò gbọdọ̀ dẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ṣá o, nítorí pé bí ẹja bá dúró lójijì, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjánu a máa yí lọ, okùn a sì lọ́ mọ́ra bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Lórí odò, omi kì í dúró. Omi fúnra rẹ̀ ń fa okùn ní ọ̀sán àti ní òru, ewé àti koríko tí ń ṣàn bọ̀ a sì tún kó sí i lára. Bí mo bá dẹ bíréèkì bíi ti adágún, odò ni yóò máa gba okùn lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sì fún un jù, báábẹ̀lì, tí í jágbà láìsọ tẹ́lẹ̀, a wọ́ ọ̀pá lọ. Àárín méjèèjì ni a ń wá: kí ó le díẹ̀ ju agbára omi lọ, kí ó sì rọ̀ púpọ̀ ju agbára ẹja lọ. Bí odò bá kún lẹ́yìn òjò, a tún un ṣe. Bí ó bá fà, a tún un ṣe. Ìdí nìyí tí ìpele kéékèèké tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ṣe pàtàkì fún odò ju ti adágún lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà níhìn-ín tí wọ́n dàgbà ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ ra rílì, mo kó mẹ́ta tí mo yá lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ lọ bá wọn. Wọ́n wò wọ́n títí.

"Ẹja mélòó ni ẹ máa ń mú tí ẹ fi ń kó irin tó báyìí dání?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí a bá rí ẹyọ kan lọ́jọ́ kan, a ń dúpẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ni irin yìí wá ń ṣe?"

"Ó ń jọ̀wọ́ okùn nígbà tí ẹja bá kọ́kọ́ fà á, sà. Ẹ fi ìka méjì fà á wò."

Wọ́n di ojú, wọ́n fa okùn àkọ́kọ́, wọ́n fa ìkejì, wọ́n fa ìkẹta, wọ́n sì tún padà sí ìkejì. "Èyí ni. Àwọn méjì yòókù ń jà kí wọ́n tó gbà. Nílé, orí ìka ìlábẹ̀ ni okùn máa ń wà. Omi a máa fà á, ẹja a máa já a gbà. Bí ìka rẹ kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, ebi ni yóò pa ọ́. Ìka ni irin tìrẹ yìí fẹ́ dà."

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí rílì, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ kúkúrú tó báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Wọ́n bi mí bí a ti ń se ẹja náà. Mo sọ fún wọn pé a kì í sè é, pé a ń dá a padà sómi.

"Ẹ mú ẹja tán, ẹ tún dá a padà? Ṣé ẹbọ ni ẹ ń rú ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin ni. Ní England, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mú báábẹ̀lì tí ó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ kúrò nínú odò, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sì ni adágún kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gbé káàpù wọn lọ. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹja tí a bá máa jẹ, bí a ṣe mú un kò le. Ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ̀ pé o máa dá a padà, o jẹ ẹ́ ní gbèsè pé kí ó padà láàyè."

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè mi ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pá mi kò ṣe ní bọ́ sómi ni mo ń rò. Nísinsìnyí, gbèsè náà ni mo ń rò. Rílì tí ó dẹ̀ jù lè jẹ́ kí báábẹ̀lì dé abẹ́ gbòǹgbò igi kí n tó dìde, tí okùn á já, tí ìwọ̀ àti òjé á sì kù sí i lẹ́nu. Rílì tí ó le jù a fa ètè ya. Okùn tí kò nípọn tó ń mú kí ìjà pẹ́, bẹ́ẹ̀ báábẹ̀lì kì í mọ ìgbà tí agbára òun tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi gbóná tí ó sì lọọlẹ̀, ó lè bá ènìyàn jà títí tí kò fi ní lè dúró mọ́. Ẹni tí ó bá tú u sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò rí i tí ikùn rẹ̀ yóò dojú kọ òkè. Ńṣe ni a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nínú omi, kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà mìíràn ó lè pẹ́ gan-an. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ẹ̀sọ̀ náà ni irin yìí gbọ́dọ̀ mọ̀.

Kí ni mo wá rà? Owó mi kò tó láti ra méjì fún adágún kí n tún ra méjì fún odò. Nítorí náà, mo wá èyí tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Mo yan méjì tí ó rí bákan náà, ìwọ̀n 6000, tí ó jọ ìkejì tí ẹ̀gbọ́n mi fà. Bíréèkì kékeré wọn rọ̀, ó sì ní ìpele púpọ̀. Bíréèkì ńlá wọn wà níwájú, lórí kẹ̀kẹ́ okùn, níbi tí àyè ti wà fún awo ìdádúró tí ó fẹ̀, tí kì í sì í já ọwọ́ gbà. Kẹ̀kẹ́ okùn méjì ni ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wá: mo ká okùn oníwọ̀n pọ́ùn 15 mọ́ ọ̀kan fún káàpù, mo sì ká ti pọ́ùn 12 mọ́ èkejì fún báábẹ̀lì. Bí mo bá ń ti adágún lọ sí odò, kẹ̀kẹ́ ni mo ń pààrọ̀, n kò pààrọ̀ rílì. Fún ẹni tí ó ń dẹ báábẹ̀lì nìkan, n ó ní kí ó ra 4000. Fún ẹni tí ó ń lọ sí adágún tí a kì í rí òdìkejì rẹ̀, kí ó ra 10000, tàbí kí ó wo àwọn rílì ńlá tí kò ní irin àtì rárá, ṣùgbọ́n tí bíréèkì wọn ń kúrò nínú dídẹ̀ bọ́ sínú líle bí a bá yí i díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn apẹja káàpù ti yà sọ́dọ̀ wọn. Èmi ṣì fẹ́ràn irin àtì, nítorí pé lóru, nígbà tí oorun wà lójú ènìyàn, yíyí ọwọ́ rílì rọrùn ju wíwá bíréèkì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England tí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ̀ lára, ẹ má ṣe gbàgbé ìwé àṣẹ ìpẹja. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní in. Ẹ rántí pẹ̀lú pé a kì í dẹdò fún irú àwọn ẹja yìí nínú odò láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, kí wọ́n lè yé ẹyin wọn ní àlàáfíà. Láti ọjọ́ 16 ni odò ṣí. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní etí Kennet ní ọjọ́ náà, tí ẹ sì gbọ́ tí ẹnìkan ń fi èdè Yorùbá bẹ ẹja pé kó má ṣe wọ abẹ́ igi, ẹ yà sọ́dọ̀ mi, kí ẹ bá mi di àwọ̀n mú.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.